Owú Àgbẹ̀dẹ Tí Kò Ní Orúkọ Lára ní Agbègbè Ìkòyí, Ìkirè àti Àpòmù

Owú ni irin tàbí òkúta tí alágbẹ̀dẹ ń gbé irin pupa lé kí ó tó fi òòlù lù ú. Àwọn ohun èlò yòókù nínú àgbẹ̀dẹ kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń gba pààrọ̀: awọ ewìrì a máa ya, ẹnu ẹ̀mú a máa jẹ, èédú a máa jó di eérú. Owú ní tirẹ̀ lè sin baba, kí ó sin ọmọ, kí ó sì tún wà lójú iṣẹ́ fún ọmọ-ọmọ. Nítorí pé ó ń pẹ́ bẹ́ẹ̀, ìgbà tí ẹnìkan yóò fi béèrè pé ta ló rọ ọ́, ẹni náà ti di ará ọ̀run, àwọn tó mọ̀ ọ́n lójú sì ti tẹ̀ lé e. Bí kò bá sí lẹ́tà, nọ́ńbà tàbí àwòrán kankan lára owú, ohun tó kù láti yẹ̀ wò ni ìrísí rẹ̀, irin tó wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ tó jókòó lé, àti ìtàn ìdílé tó ni ín.

Ìkòyí tí ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín kì í ṣe Ìkòyí-Ilé àwọn Ẹ̀ṣọ́ tó wà lápá Ògbómọ̀ṣọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Ìkòyí ti Èkó. Inú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìsọ̀kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló wà, èyí tí Àpòmù jẹ́ olú-ìlú fún. Ìkirè, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọlé, kò jìnnà sí wọn. Ilẹ̀ igbó ni, ilẹ̀ kòkó, ilẹ̀ iṣu, ilẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fi ń dín dòdò Ìkirè. Àgbẹ̀ kò lè dá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣí láìsí alágbẹ̀dẹ lẹ́yìn rẹ̀. Àdá tí wọ́n fi ń ṣán igbó, ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè, àáké tí wọ́n fi ń gé igi, tàkúté ọdẹ, gbogbo wọn ló ń ti orí owú jáde, orí owú náà ni wọ́n sì ń padà sí nígbà tí ẹnu wọn bá kú.

Kí òyìnbó tó dé àárín ilẹ̀, Àpòmù ti jẹ́ ọjà ńlá níbi tí ará Ọ̀yọ́, ará Ifẹ̀, ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Àwọn Ìjẹ̀bú ló ń gbé ẹrù etí òkun wá síbẹ̀, wọ́n sì ń kó ẹrù àárín ilẹ̀ padà, títí kan ẹrú. Jíjí tí wọ́n ń jí ènìyàn gbé ní ọjà náà wà lára ohun tó dá Ogun Òwu sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1820. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897 tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, sọ bí àwọn Òwu ṣe kọlu Àpòmù tó wà lábẹ́ Ifẹ̀ nígbà náà, bí Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú ṣe wá gbógun ti Òwu, àti bí àwọn Òwu tó gbójú lé àdá gígùn tó wúwo ṣe bá ìbọn àwọn Ìjẹ̀bú pàdé. Òwu tú, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì fọ́n káàkiri.

Ẹni tó bá ń wá alágbẹ̀dẹ àtijọ́ ní agbègbè yìí kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ogun náà. Ìdílé kan ń ṣí kúrò, òmíràn ń dé láti ibi tí wọ́n ti lé e. Owú kì í sì í ṣe ẹrù tí ènìyàn lè rù sórí kí ó máa fi sá fún ọ̀tá. Nítorí náà, owú tí wọ́n bá hú jáde nínú oko lè jẹ́ ti ilé tí kò sí mọ́ láti nǹkan bí 200 ọdún. Ohun tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lónìí bá sọ nípa rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́ pátápátá nípa bí ó ṣe dé ọwọ́ wọn, síbẹ̀ kí ó má kan ẹni tó rọ ọ́ rárá. Àwọn ìbéèrè méjèèjì yìí ni àwọn olùṣèwádìí sábà máa ń pò pọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìdámọ̀ ti ń ṣìnà.

Ó tún yẹ kí a pín “ẹni tó ṣe é” sí méjì. Láyé àtijọ́, ẹni tó ń yọ irin jáde láti inú òkúta kì í sábà jẹ́ ẹni tó ń fi irin náà rọ ọkọ́. Àwọn tó ń yọ irin a máa gbé ní abúlé tiwọn, nítòsí ibi tí òkúta irin àti igi èédú gbé pọ̀, wọn a sì mọ iléru amọ̀ síbẹ̀. C. V. Bellamy, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ní Èkó, lọ sí irú abúlé bẹ́ẹ̀ ní Ọlá-Ìgbì nítòsí Ọ̀yọ́, ó sì tẹ àlàyé ohun tó rí jáde ní 1904. F. W. Harbord ló bá a yẹ irin àti ìdàrọ́ tó kó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wò. Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun ní apá ibi tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí: ní Taruga, ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè yìí, Bernard Fagg wú àwọn iléru tí ọjọ́ orí wọn lé ní 2,000 ọdún.

Irin kì í yọ́ di omi títí ooru yóò fi tó 1,538 lórí òṣùwọ̀n Celsius, iléru ìbílẹ̀ kì í sì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ìdàrọ́ ló ń yọ́ ṣàn kúrò. Irin fúnra rẹ̀ a kóra jọ ní ìṣù kan tó rọ̀, tó kún fún ihò, tí ìdàrọ́ ṣì há sí inú. Alágbẹ̀dẹ ló ń ra ìṣù náà, tí ó ń dáná fún un léraléra, tí ó ń lù ú títí ìdàrọ́ yóò fi ta jáde. Bí ó bá fẹ́ rọ ọ̀bẹ, díẹ̀ nínú ìṣù kan tó o. Bí owú ni ó bá fẹ́ rọ, ó ní láti so ìṣù púpọ̀ pọ̀, kí ó mú gbogbo wọn gbóná dé ojú kan náà, kí àwọn alágbára bíi mélòó kan sì máa lù ú lẹ́ẹ̀kan náà kí iná tó lọ lára rẹ̀. Owú ìbílẹ̀ kan nígbà náà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn: àwọn tó wa òkúta irin, àwọn tó sun èédú, àwọn tó ṣọ́ iléru, ọ̀gá alágbẹ̀dẹ, àti àwọn ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ ewìrì tí wọ́n sì gbé òòlù. Kò sí ìdí tí ẹnì kan nínú wọn yóò fi kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i lára. Bí a bá ní láti dárúkọ aṣẹ̀dá kan fún un, orúkọ agbo ilé ni ó tọ́ jù lọ.

Owú tó lókìkí jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá kò ní àmì kankan lára. Ó wà ní ojúbọ Ògún Ládìn ní ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, ìlú tí Àpòmù wà lábẹ́ rẹ̀ kí Ogun Òwu tó jà. Ìṣù irin ńlá ni, ìrísí rẹ̀ dà bí omijé tó ń kán: apá kan ṣóńṣó, apá kejì fẹ̀, ó sì yí po. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Ládìn ni alágbẹ̀dẹ Odùduwà, àti pé ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ ni irin náà. Frank Willett, tó ṣiṣẹ́ pẹ́ lórí àwọn ohun àtijọ́ Ifẹ̀, mẹ́nu bà á nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1967.

Bí a bá fẹ́ fi irin yìí kọ́ bí a ṣe ń dá aṣẹ̀dá mọ̀, ó yẹ kí a wò ó ní ìpele. Irin tí a lù ni, kì í ṣe èyí tí a yọ́ dà sínú àpẹrẹ. Èyí bá ọ̀nà iṣẹ́ ìbílẹ̀ mu, kò sì bá ti ilé iṣẹ́ òyìnbó ìgbà ìkẹyìn mu. Títóbi rẹ̀ fi hàn pé ẹni tó pàṣẹ iṣẹ́ náà ní irin púpọ̀ lọ́wọ́ àti ènìyàn púpọ̀ lábẹ́ àṣẹ, ní àkókò tí ìṣù irin kan ṣoṣo ń ná ènìyàn ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ìlú kan náà tún fi irin sí ara òkúta: ìṣó irin tó lé ní 100 ni wọ́n gbá mọ́ Ọ̀pá Ọ̀rányàn, ìṣó irin sì ni wọ́n fi ṣe irun orí Ìdena, ère òkúta ti igbó Ọrẹ. Alágbẹ̀dẹ tó mọ iṣẹ́ dójú àmì ti wà ní Ifẹ̀ àtijọ́, kò sì sí ohun tó yani lẹ́nu nínú pé ọ̀kan nínú wọn lè rọ irú irin bẹ́ẹ̀. Ní ti orúkọ Ládìn, ó lè jẹ́ ti ènìyàn kan, ó lè jẹ́ oyè, ó sì lè jẹ́ orúkọ tí ìran àwọn alágbẹ̀dẹ ààfin fi ń rántí ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n sílẹ̀. Èyíkéyìí tí ì báà jẹ́, orúkọ tí ìlú kan pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún jẹ́ ẹ̀rí, ó sì yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pẹ̀lú gbólóhùn “ìtàn Ifẹ̀ sọ pé” níwájú rẹ̀. Ìwé tó bá fo orúkọ náà nítorí pé kò sí lẹ́tà lára irin ti sọ ohun iyebíye nù.

Àwọn owú ìbílẹ̀ tó kéré sí ti Ládìn ṣeé dá mọ̀ ní ojú lásán. Wọn kì í ní ìwo bíi ti òyìnbó, wọn kì í ní ihò onígun mẹ́rin lójú, ìsàlẹ̀ wọn kì í sì í tẹ́jú. Òkè wọn ló fẹ̀, ìdí wọn a máa tín-ín-rín kí ó lè wọ inú gẹdú igi tàbí ilẹ̀. Etí òkè a máa yọ ètè síta nítorí ìlù ọdún pípẹ́. Bí a bá tẹjú mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a lè rí ìlà tín-ín-rín níbi tí wọ́n ti so ìṣù kan mọ́ èkejì, ìdàrọ́ dúdú a sì há sí ojú ìlà náà. Àwọn àgbà sọ pé bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ yọ níbẹ̀. Lílù lójú kan yìí ló ń jẹ ojú owú: kòtò tó wà láàárín fi hàn pé pẹlẹbẹ bí ọkọ́ àti àdá ni wọ́n sábà ń rọ lórí rẹ̀, etí tó jẹ lápá kan a sì máa tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ tí ọ̀gá ń jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ ni owú fi ń sọ irú ẹni tó lò ó, kódà nígbà tí kò bá sọ ẹni tó rọ ọ́.

Òkúta náà ń ṣe owú. Ní Bassar ní àríwá Tógò, níbi tí àwọn ará Bandjeli ti ń yọ irin títí di nǹkan bí 1950, òkúta ni àwọn alágbẹ̀dẹ fi ń ṣe òòlù, òkúta náà ni wọ́n fi ń ṣe owú, pàápàá fún lílù tó kọ́kọ́ ń lé ìdàrọ́ jáde. Òkúta ńlá tí ojú rẹ̀ dán, tó ní kòtò pẹlẹbẹ, tí àwọ̀ ìpatà sì ti wọ̀ lára, lè jẹ́ owú àtijọ́, ó sì lè jẹ́ ọlọ tí wọ́n ti pa tì. Ilẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń là wọ́n. Nígbà tí a bá ń lu irin pupa, ìpẹ́ irin wẹ́wẹ́ a máa fò kúrò lára rẹ̀, a sì máa bọ́ sílẹ̀ yí owú ká. Ìpẹ́ yìí kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀rúndún. Bí a bá fi òòfà wọ́ inú iyẹ̀pẹ̀, yóò dìde mọ́ ọn. Ibi tí ìpẹ́ bá ti pọ̀ jù ni ẹsẹ̀ owú, bí òkúta náà tilẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́.

Irin òkèèrè yí ọ̀ràn padà. Láti ìgbà tí ọkọ̀ òyìnbó ti ń ná etí òkun Gíní ni ọ̀pá irin ti jẹ́ ọ̀kan nínú ọjà tí wọ́n ń kó wá. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ irin Súwídìn tí àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì rà láti fi ṣe òwò pẹ̀lú Áfíríkà. Ẹrù tó bá gba ọwọ́ àwọn Ìjẹ̀bú lè tipa ọjà Àpòmù dé àgbẹ̀dẹ Ìkòyí. Alágbẹ̀dẹ tó bá so irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ pọ̀ láti fi rọ owú ti ṣe ohun tí ìrísí rẹ̀ jẹ́ ti ìbílẹ̀ látòkè délẹ̀, tí irin inú rẹ̀ sì ti Súwídìn wá. Ojú lásán kò lè rí ìyàtọ̀ yìí.

Rélùwéè wá sọ irin di ohun tó wọ́pọ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896, ọkọ̀ dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Kò gba Ìkirè kọjá, àmọ́ irin tí wọ́n bá yọ kúrò lójú ọ̀nà a máa rìn jìnnà. Gígùn rẹ̀ bí apá kan péré ti tó láti ṣe owú, ó le ju irin ìbílẹ̀ lọ, kò sì gba kí ẹnikẹ́ni so ìṣù kankan. Lẹ́yìn náà ni mọ́tò dé, àwọn alágbẹ̀dẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀pá tó gba abẹ́ ọkọ̀ so táyà méjì pọ̀ dúró nínú gẹdú, kí wọ́n máa lu irin lórí rẹ̀. Iṣẹ́ yíyọ irin ní iléru kò lè bá èyí du ọjà. Nígbà tó fi máa di àárín ọ̀rúndún ogún, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní ilẹ̀ Yorùbá.

Owú tí wọ́n fi irin rélùwéè ṣe sábà máa ń dà bí èyí tí kò ní orúkọ, kí orúkọ sì wà lára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe irin náà a máa tẹ lẹ́tà tó yọ síta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó tín-ín-rín: orúkọ ilé iṣẹ́, ọdún, àti ìwọ̀n irin náà. Bí alágbẹ̀dẹ bá gbé e dúró, tí ìdajì rẹ̀ sì wọ inú gẹdú, inú igi ni àwọn lẹ́tà náà ń sùn sí. Ìgbà tí igi bá jẹrà tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kí a wò ó. Bí a tilẹ̀ rí orúkọ, ẹni tó ṣe irin nìkan ni a rí. Ẹni tó gé e, tó tẹ́ ojú rẹ̀, tó sì sọ ọ́ di owú jẹ́ alágbẹ̀dẹ kan ní ìtòsí, ọ̀dọ̀ ìdílé rẹ̀ nìkan sì ni a ti lè gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Owú òyìnbó gan-an, èyí tó ní ìwo, ìbàdí àti ẹsẹ̀ mẹ́rin, ló rọrùn jù láti dá mọ̀, bí lẹ́tà ara rẹ̀ tilẹ̀ ti pa rẹ́. Irú rẹ̀ wà ní ilé iṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́ta àti ní àwọn ibi iṣẹ́ ìjọba mìíràn, àwọn Yorùbá tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni kí a fọ ìdọ̀tí àti ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò pẹ̀lú omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, kí a má fi ayùn tàbí òkúta ìpọ́nbẹ kàn án. Lẹ́yìn náà, kí a fi ẹfun pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a sì fi aṣọ nù ún díẹ̀: ẹfun yóò kù sínú ihò lẹ́tà tí ojú kò rí tẹ́lẹ̀. Ní alẹ́, iná tọ́ọ̀ṣì tí a bá tàn láti ẹ̀gbẹ́ yóò mú kí lẹ́tà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ ju òjìji. Bí a bá tẹ bébà mọ́ ọn tí a sì fi èédú pa á lórí, ẹ̀dà àmì náà yóò wà lọ́wọ́ wa láti fi wé ti àwọn mìíràn.

Bí nọ́ńbà mẹ́ta bá wà ní ìbàdí rẹ̀ tí àlàfo sì wà láàárín wọn, owú Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìwọ̀n wíwúwo ni wọ́n: ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú nọ́ńbà àkọ́kọ́ dúró fún pọ́n-ùn 112, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú èkejì fún pọ́n-ùn 28, ẹ̀kẹta sì jẹ́ pọ́n-ùn lásán. Owú tí a kọ 1 1 10 sí lára wúwo tó pọ́n-ùn 150, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi kílò 68. Peter Wright ti ìlú Dudley àti Mousehole Forge ti Sheffield wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ pọ́n-ùn nìkan, àwọn Jámánì sì ń kọ kílò. Bí ọ̀rọ̀ “England” bá wà lára rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn òfin owó ibodè Amẹ́ríkà ti 1890, tó ní kí ẹrù òkèèrè máa gbé orúkọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ kiri. Àmì orí ọfà gbígbòòrò fi hàn pé ohun ìní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni.

Bí kò bá sí nǹkan kan rárá, ara owú ṣì ní ohun tó lè sọ. Ihò róbótó kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò onígun mẹ́rin kò wọ́pọ̀ lára owú Gẹ̀ẹ́sì títí di nǹkan bí 1830, nítorí náà owú tí kò bá ní i lè ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn Peter Wright a máa ní àtẹ̀gùn kékeré pẹlẹbẹ. Èyí tí wọ́n ń pè ní Trenton, láti Amẹ́ríkà, a máa ní kòtò tó fún ní àárín lábẹ́ ìdí rẹ̀. Hay-Budden ti Brooklyn a máa ní nọ́ńbà lára ẹsẹ̀ iwájú. Ìró náà jẹ́ ẹ̀rí: Fisher, tí ara rẹ̀ jẹ́ irin dídà tí wọ́n fi irin líle bo ojú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1847, kì í dún gooro bí a bá lù ú, nígbà tí Kohlswa ti Súwídìn ń dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Richard Postman kó irú àmì báwọ̀nyí jọ sínú ìwé ńlá kan tó tẹ̀ ní 1998 lórí owú Amẹ́ríkà, òun sì ni ọ̀pọ̀ olùkójọ ń wò títí di òní. Àmì kan ṣoṣo kò tó láti fi dárúkọ ilé iṣẹ́. Méjì tàbí mẹ́ta tó bá fohùn ṣọ̀kan ló ṣeé gbára lé.

Ìwádìí inú irin ló ń parí àríyànjiyàn níbi tí ojú kò ríran mọ́. Ìdàrọ́ kékeré tó há sínú irin ìbílẹ̀ gbé àmì òkúta irin tó ti wá. Bí èròjà rẹ̀ bá bá ti òkìtì ìdàrọ́ ibi kan mu, a ti sún mọ́ àwọn tó yọ irin náà. Irin tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ọ̀nà tí Henry Bessemer gbé jáde ní 1856 àti àwọn ọ̀nà tó tẹ̀ lé e kì í ní irú ìdàrọ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn nìkan sì ti tó láti ya irin rélùwéè sọ́tọ̀. Èédú pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. Nínú iléru, irin a máa fa díẹ̀ nínú kábọ̀nù èédú igi sára, Nikolaas van der Merwe sì fi hàn ní 1969 pé a lè fi kábọ̀nù yìí mọ ọdún tí wọ́n yọ irin náà. Irin Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi èédú ilẹ̀ yọ, bí Abraham Darby ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1709, yóò fún ìwádìí náà ní ọjọ́ orí tó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá ọdún, nítorí pé igi tó di èédú ilẹ̀ ti kú tipẹ́tipẹ́. Ọjọ́ orí tí kò ṣeé gbà gbọ́ bẹ́ẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè: irin òkèèrè ni. Èédú igi ni àwọn ará Súwídìn lò, nítorí náà ìdàrọ́ inú rẹ̀ nìkan ló lè ya irin wọn sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìbílẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí Ìkòyí mọ́. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀rọ tó lè yẹ èròjà inú ohun àtijọ́ wò. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀ náà wà ní ìlú kan náà, òfin 1979 tó dá Àjọ Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ohun Ìrántí sílẹ̀ sì ka gbígbé ohun àtijọ́ jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba àṣẹ léèwọ̀. Àwọn tó ni owú gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó gé ohunkóhun lára rẹ̀. Irin ni onísìn ìbílẹ̀ fi ń búra ní kóòtù, ojú Ògún ni ọ̀pọ̀ ìdílé sì fi ń wo owú wọn. Wọ́n ń fi màrìwò ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n ń pa ajá fún un, wọ́n ń ta ẹmu sí i lórí. Fífi ẹ̀rọ lu irú irin bẹ́ẹ̀ láìbéèrè jẹ́ ìwà àfojúdi, a sì máa ti ilẹ̀kùn ìtàn tí kò sí níbòmíràn.

Ìtàn ìdílé ni ọ̀nà tó kù láti rí orúkọ ènìyàn. Orúkọ bí Ògúndélé, Ògúnwándé àti Ògúnlékè máa ń pọ̀ nínú agbo ilé alágbẹ̀dẹ àti ti ọdẹ. Oríkì agbo ilé náà sì lè sọ ìlú tí wọ́n ti ṣí wá, bóyá Òwu, bóyá Ifẹ̀, bóyá Ọ̀yọ́. Ìbéèrè tó ń mú èso wá kì í ṣe “Ta ló rọ ọ́?” nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ “Àwọn baba wa ni.” Ó sàn kí a béèrè ibi tí wọ́n ti gbé e wá, ẹni tó gbé e, iye ilé tó ti gbé rí, ẹni tó kọ́ ẹni tó jogún rẹ̀ níṣẹ́, àti ohun tí wọ́n fi bọ ilẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbìn ín. Ìdílé tó bá ṣì ń bọ Ògún a máa júbà àwọn alágbẹ̀dẹ tó ti lọ. Tí a bá kọ orúkọ tí wọ́n ń pè sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tò ó, tí a sì ka ìran kọ̀ọ̀kan sí nǹkan bí ọdún 25 tàbí 30, a ó rí ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ gbé láyé. A lè wá fi èyí wé ọdún tí ìrísí owú àti irin inú rẹ̀ sọ. Bí orúkọ àkọ́kọ́ bá bọ́ sí àkókò Ogun Òwu, tí owú sì jẹ́ irin rélùwéè, ó dájú pé owú mìíràn ni ẹni náà lò, èyí tí wọ́n ń lò lónìí sì rọ́pò rẹ̀. Ó wá yẹ kí a béèrè ibi tí ti àtijọ́ wọlé sí, nítorí pé ó lè wà ní ojúbọ Ògún ní ẹ̀yìnkùlé.

Lónìí, àwọn tó ń ra irin àlòkù ń kiri abúlé pẹ̀lú òṣùwọ̀n, owú tí ọmọ alágbẹ̀dẹ tó ti di awakọ̀ tàbí télọ̀ kò lò mọ́ sì ń lọ sí ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin. Bí owú kan bá ní láti kúrò lójú ibi tó wà, kí a kọ́kọ́ yàwòrán rẹ̀ níbi tó jókòó sí, lójú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti lókè, pẹ̀lú igi ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí a wọn gíga rẹ̀, ìbú ojú rẹ̀ àti wíwúwo rẹ̀. Kí a lu ú lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú òòlù kékeré, kí a sì gba ìró náà sílẹ̀ lórí fóònù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fà á yọ, kí a wo abẹ́ rẹ̀ fún àmì, kí a bu iyẹ̀pẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú ọ̀rá fún ìpẹ́ irin, kí a sì kọ orúkọ agbo ilé, orúkọ ìlú àti ọjọ́ náà sí ara ọ̀rá kí ọkọ̀ tó gbé owú lọ.